Oko kòkó bàbá wa ni wọ́n fẹ́ fi dógò kí àbúrò mi lè lọ ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà nílẹ̀ òyìnbó: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àkọ́bí Obìnrin, Ìkọ̀lé

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Tísà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, abúlé wa kò sì jìnnà sí Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ọdún márùn-ún rèé tí bàbá wa ti ṣaláìsí. Oko kòkó kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 29, ni ó sì ń bójú tó o, òun àti lébìrà kan tí ó wá láti Benue, tí a máa ń san owó iṣẹ́ ọdún fún nígbà tí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ó ní ọ́fíìsì ní Adó wá sí ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ ọjà, ó ń pín ìwé pélébé tí wọ́n ya àwòrán èso strawberry sí fún àwọn ọ̀dọ́. Ó ní àwọn àgbẹ̀ Ìlú Ọba ń wá ẹni tí yóò bá wọn ká èso fún oṣù mẹ́fà, pé kì í ṣe jápa rárá, àlọ àti àbọ̀ ni, àti pé ẹni tí Ìlú Ọba kò bá wù lè mú Kánádà, nítorí irú ètò kan náà wà níbẹ̀. 3,800,000 náírà ni ó ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó físà kò sí nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú rẹ̀.

A kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Bàbá kan tí ó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ wa ni ó ní òun yóò kó 3,800,000 náà sílẹ̀ bí a bá lè fi oko dógò fún òun: òun ni yóò máa kórè rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a bá dá owó òun padà láìkù kọ́bọ̀, òun kò sì ní gba èlé. Ọ̀rọ̀ pé kò ní gba èlé yìí wọ ìyá wa létí gan-an, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Owó tí ó kù, wọ́n ní kí èmi lọ yá a ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa tísà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àti bóyá owó rẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń fi oko bàbá rẹ̀ dógò fún. Àbúrò mi ti gba páásípọ́ọ̀tù, ó sì ti pín bàtà oko rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ fún mi pé kí n fi àdúrà sí i. Mo ti ń gbà á.

Ọkọ Akẹ́kọ̀ọ́, Kent

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrònú. Ọmọ Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni mí. Ìyàwó mi ni ó wá kàwé níbí, ní Ìlú Ọba, ní ọdún 2022, nígbà tí òfin ṣì gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ dání, mo sì tẹ̀ lé e. Nítorí pé físà tèmi gbà mí láyè láti ṣe iṣẹ́ tí mo bá rí, mo ká strawberry ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ní Kent, láàárín àwọn tí wọ́n wá pẹ̀lú físà oṣù mẹ́fà tí ọkùnrin yẹn ní òun ń tà fún yín gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa iṣẹ́ náà, nítorí òun ni ẹ bi wá. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni a ti máa ń wà lórí ìlà. Abẹ́ ọ̀rá funfun tí wọ́n tẹ́ bí òrùlé ni a ti ń ká èso, orí pẹpẹ tí ó ga dé àyà ni wọ́n sì gbìn ín sí, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yìn títẹ̀ ni ó ń pa ni níbẹ̀, bí kò ṣe ooru abẹ́ ọ̀rá àti ìkánjú. Ènìyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ara èso náà. Igi tín-ín-rín tí ó so mọ́ ni a ó fi èékánná àtàǹpàkò já, kí ewé orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí èjìká rẹ̀ bá ṣì funfun, wọn kò ní gbà á. Èyí tí ó bá sì ti rọ̀, abọ́ ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Gbogbo páálí tí o bá kó kún ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ka nọ́ńbà rẹ mọ́, nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán wọ́n ti mọ iye kílò tí o ń ká ní wákàtí kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ́ra, wọ́n á ní kí ó máa padà lọ sí ilé onítáyà tí mẹ́rin tàbí mẹ́fà ń gbé pọ̀, ọjọ́ yẹn sì ti bọ́ nìyẹn. Mo gé kòkó dàgbà, mo rò pé mo mọ iṣẹ́ oko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó gbà mí kí n tó bá wọn dọ́gba.

Ní ti físà náà, ó wà lóòótọ́, ibẹ̀ ni irọ́ ọkùnrin yẹn ti lágbára. Ọdún 2019 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ, ènìyàn kò lè mú ẹbí dání, kò sì lè yí i padà sí físà mìíràn bí ó bá ti dé ibí. Àwọn ilé-iṣẹ́ díẹ̀ tí ìjọba ibí fún ní ìwé àṣẹ ni wọ́n lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́, òfin kò sì gba àwọn fúnra wọn láyè láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n bá a wá iṣẹ́. Bí onígbọ̀wọ́ kò bá lè gba owó yẹn, kí ni ẹni tí ó ní ọ́fíìsì ní Adó ń gba 3,800,000 lé lórí? Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń yan orílẹ̀-èdè tí wọn yóò ti kó òṣìṣẹ́. Ní oko tí mo wà, ọmọ Kyrgyzstan, Tajikistan àti Uzbekistan ni ó pọ̀ jù. N kò pàdé ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo tí ó bá físà náà wá.

Ti Kánádà kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn. Ètò iṣẹ́ oko alásìkò tiwọn, Jàmáíkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1966, Mẹ́síkò wọ inú rẹ̀ ní 1974, àwọn erékùṣù Kàríbíánì mìíràn sì wà níbẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé ohun gbogbo bọ́ sí i, kí a ka owó. Ní ọdún 2025, owó iṣẹ́ wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín ní 12.21 pọ́n-ùn, wákàtí tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún ẹni tí ó ní físà yìí kò gbọdọ̀ dín ní 32 lọ́sẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 391 pọ́n-ùn. Ní ọdún náà, wọ́n lè yọ 10.66 lójúmọ́ fún ilé, èyí tí ó sún mọ́ 75 lọ́sẹ̀. Owó orí àti owó ìbánigbófò ti ìjọba yóò mú bí 42, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn lè kọ̀wé gba owó orí náà padà lẹ́yìn náà. Ẹ yọ oúnjẹ, gáàsì, àti owó ìpè sílé, 230 ni yóò kù sí i lọ́wọ́ bí kò bá jayé. Ogún ọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ kà, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìkórè kì í ní iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀: 4,600 pọ́n-ùn. Bí a bá ní pọ́n-ùn kan jẹ́ 2,000 náírà, ó di 9,200,000. Ẹ yọ 3,800,000 kúrò níbẹ̀, ẹ yọ owó físà ọdún náà, 319 pọ́n-ùn, tí ó ń lọ sí 640,000, ẹ yọ nǹkan bí 1,600,000 fún ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí ó kù kò ju 3,160,000 lọ, a kò sì tíì ka èlé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí oko yín ń mú wá lọ́dún.

Ìyá Ìbejì, Adó

Ẹ má bínú pé mo gba ọ̀nà mìíràn wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé èmi kò ká èso. Iṣẹ́ ilé ni mo lọ ṣe ní Oman, ọdún méjì ni ìwé àdéhùn wà fún, ẹni tí a jọ ń jọ́sìn ni ó sì so mí mọ́ ẹni tí ó mú mi lọ. Àwọn náà ní àlọ àti àbọ̀ ni.

Nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní kafala, orúkọ ẹni tí ó gbà ọ́ síṣẹ́ ni ìwé ìgbélùú rẹ so mọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí o bá kúrò nílé rẹ̀ láìgba àṣẹ, ìwọ ni o rú òfin, ohun yòówù kí ó ti fojú rẹ rí. Ìyàwó ilé náà gba páásípọ́ọ̀tù mi ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Fóònù mi ń gbé inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń mú un fún mi fún wákàtí kan, màá sì jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ láti pe àwọn ọmọ mi. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò rí owó kankan, wọ́n ní aṣojú ti gbà á ná.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé kò sí ẹni tí ó fi ipá mú mi. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, gbèsè ni ó jẹ́ kí n dúró. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ sá, màá rántí owó tí ọkọ mi yá, màá sì padà sí ìdí aṣọ.

Ẹ ṣe ohun kan kí ẹ tó fọwọ́ kan oko. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa kó òṣìṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láìgba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ ní kí ó mú un jáde kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Bí ó bá ń lọ́ tìkọ̀, àjọ NAPTIP tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò ẹrú ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, kò sì dìgbà tí ọmọ yín bá tó wọ wàhálà.

Ọ̀dọ́ Àrámọkọ

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo wa ti fẹ́ sọ ọmọkùnrin yìí di ọmọdé. Ẹni ọdún 29 ni. Àwọn tí wọ́n ń sọ fún un pé kí ó jókòó ti kòkó kì í sábà jókòó tì í fúnra wọn. Òǹkọ̀wé tí ó wà ní Kent yẹn kò padà sí Ọ̀yẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní Ìlú Ọba ní 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà yẹn sílẹ̀ nínú oṣù kejì ọdún náà. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú, kò fún aṣojú kankan ní kọ́bọ̀, owó ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí ó tà àti àjọ tí ó kó ni ó fi lọ. Òun ni ó fi páànù sórí ilé wa, òun ni ó ń san owó ilé-ìwé mi. Lóòótọ́ wọ́n ti ti ọ̀nà náà pa fún àwọn tí ń bọ̀ láti òkè òkun láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, mo sì mọ àwọn tí wọ́n ti san owó CoS, ìyẹn ìwé onígbọ̀wọ́ tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ kí ó lè gba físà, kí ó tó di ọjọ́ yẹn tí wọn kò rí owó náà gbà mọ́. Síbẹ̀, ẹ kọ́ ọmọ náà bí a ti ń wá iṣẹ́ náà fúnra ẹni, kí ẹ má kàn sọ pé kí ó má lọ.

Tísà Àgbà, Ìjerò

Mo kí gbogbo yín. Ẹni ọdún 78 ni mí, ọmọ ọmọ mi ni ó ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ fi orí jìn mí bí ó bá gùn.

Ọ̀dọ́ Àrámọkọ, mo gbà pẹ̀lú rẹ ju bí o ti rò lọ. Kí ó tó di pé àwọn ará Benue àti Kogi ń wá ṣe lébìrà fún wa, Èkìtì ni ó ń kó lébìrà jáde. Bí bàbá mi bá ti wa iṣu tán, wọ́n á gbé àdá àti ẹní, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ìlé-Olújì lọ fọ́ kòkó fún olóko, wọ́n á sì padà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè kọ ebè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kẹta, wọ́n gbé èso kòkó wálé nínú àpò, òun ni ó di oko tí ó rán mi ní ilé-ìwé. Kò sí ẹni tí ó lè dúró níwájú mi kí ó sọ pé ìrìn àjò iṣẹ́ kò ní èrè.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ, ibẹ̀ ni tiwọn ti yàtọ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ìwọ̀fà, bóyá ẹ kò mọ bí ó ti rí. Ẹni tí ó bá yá owó yóò lọ máa bá olówó ṣiṣẹ́, tàbí kí ó fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe láràárọ̀ kì í dín owó kù rárá. Èlé ni iṣẹ́ yẹn. Bí ó ṣe ọdún kan, bí ó ṣe mẹ́wàá, owó tí wọ́n yá wà níbẹ̀ bí ó ti wà, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá kó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba òyìnbó fi òfin dè é nígbà tó yá, ó sì yẹ kí a dúpẹ́.

Nísinsìnyí ẹ wá wo bàbá tí ó ní òun kò gba èlé yẹn. Ó fẹ́ máa kó gbogbo kòkó inú oko, kí 3,800,000 rẹ̀ sì wà bí ó ti wà. Kí ni ẹ̀ ń pe ìyẹn? Oko yín ni ó fẹ́ sọ di ìwọ̀fà. Ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí pé òun ni ó ń ra kòkó yín, òun ni ó mọ̀ pé ní 2024 iye owó tọ́ọ̀nù kan lágbàáyé kọjá 10,000 dọ́là, kò sì sí olóko kan tí ó lè gbàgbé ọdún náà. Bí iye owó bá tilẹ̀ lọ sílẹ̀, igi ṣì ń so, òun ni yóò sì máa kórè. Tí ọmọ yín bá pẹ́ kí ó tó rí owó dá padà, ẹ ó rí i pé kò ní kánjú bí yín léèrè.

Ohun kejì ni pé gbèsè kì í bá òfin ìlú onílùú yí padà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kó jáde. Mo rí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tí wọ́n dé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n fi ọjà àti ilé sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò jẹ gbèsè nílé rí ibi jókòó. Àwọn tí ọ̀dọ́ yìí sọ pé wọ́n ti san owó CoS kí wọ́n tó ti ọ̀nà, ṣé olówó wọn ti ọ̀nà tirẹ̀?

Àkọ́bí Obìnrin, Ìkọ̀lé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá wa, mo sì túmọ̀ ìṣirò ẹni Kent sí iye àpò kòkó fún wọn. Àpò mẹ́jọ ni a tà lọ́dún tó kọjá, owó rẹ̀ ju 4,000,000 lọ kí a tó san ti lébìrà àti ti oògùn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bèèrè pé ṣé ohun tí à ń sọ ni pé ọmọ àwọn yóò lọ ká èso fún ẹlòmíràn kí ẹlòmíràn lè ká tirẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àbúrò mi lọ sí Adó. Mo bèèrè ìwé àṣẹ tí Ìyá Ìbejì sọ. Ọkùnrin náà tọ́ka sí ìwé kan nínú férémù lára ògiri. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ lásán ni, irú èyí tí oníṣòwò kankan lè gbà. Mo ní kí ó sọ orúkọ onígbọ̀wọ́ tí yóò kọ̀wé físà. Ó ní ìyẹn jẹ́ àṣírí iṣẹ́ òun. Kí a tó dìde, owó náà ti di 2,500,000, ó sì ní kí a má sọ fún àwọn tó kù. Àbúrò mi ni ó kọ́kọ́ jáde, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìkọ̀lé.

A kò fi oko dógò mọ́. Kò dùn mọ́ ọn nínú, kò sì tíì sọ pé òun kò lọ mọ́. Ó ní kí n bá òun bèèrè lọ́wọ́ Ọ̀dọ́ Àrámọkọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kọ̀wé sí àwọn tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Láàárọ̀ òní, wọ́n jọ ń fọ́ kòkó lábẹ́ igi, òun àti lébìrà wa. Mo bi ọmọ Benue yìí pé èló ni òun san fún ẹni tí ó mú un wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò yé e. Ó ní, “Ẹ̀yin kọ́ lẹ fi owó mọ́tò mi ránṣẹ́ ni, àǹtí?” Àbúrò mi kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ dúró díẹ̀ kí ó tó mú kòkó mìíràn.